Ẹnu Lásán Ni Kí O Máa Là

Bó bá jẹ́ pé ìgbéraga ló ń mú ohùn dùn ni, gbogbo Accra ì bá máa sáré tẹ̀ lé Àlàmú. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abossey Okai, tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ jágbe mọ́ oníbàárà, ló sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá akọrin ìdílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Kotobabi, kìkì nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì kéde pé àwọn máa yan ìdílé kan tí yóò kọrin lọ́jọ́ ìkórè. Ó tiẹ̀ wá ọ̀pá kékeré kan tó ń jù síwá sẹ́yìn. Afua, àkọ́bí rẹ̀, a wo ọ̀pá, a wo ikùn tó wà lẹ́yìn ọ̀pá, a sì máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá dá orin dúró, ó na ọ̀pá sí i.

"Afua, ohùn rẹ ń ha bí agolo. Láti òní lọ, ẹnu lásán ni kí o máa là. Mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohunkóhun."

"Dádì, adɛn?"

"Má fi Twi bi mí pé kí ló dé! Yorùbá ni wá nínú ilé yìí!"

Ẹni tó fúnra rẹ̀ sọ ọmọ ní Afua, bí àwọn elédè Twi ti ń ṣe, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí i ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bímpé, ìyá ọmọ, wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Dárasími, àbúrò Afua, yọ ahọ́n sí i. Ọ̀rọ̀ náà dun Afua wọra, torí orin ìrọ̀lẹ́ yìí nìkan ni Yorùbá tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láìkọsẹ̀. Wọ́n tún wá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí ìṣe wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọ́n pe Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Àlàmú, ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n dá orin. Ojú ìyá náà ti fọ́. Etí ló fi ń rí wọn. Àlàmú ń ké bí ẹni tí ọkọ̀ gun lẹ́sẹ̀. Afua ń lanu, ó ń pa á dé.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Àgbà wí. "Afua dà?"

"Ó wà níbí, Màmá. Ó ń kọrin," ni Àlàmú dáhùn.

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Ó rọra ń kọ ọ́ ni, mà."

Igbe ta nínú fóònù.

"Ọmọ náà ti kú! Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fún mi nígbà tí Olúṣèyí àbúrò rẹ kú. Ẹ ní ó rìnrìn àjò, ẹ ní ó ń sùn, ẹ ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, títí ẹ fi sin ín tán. Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Àlàmú gan-an ló hun gbogbo irọ́ ìgbà náà. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin.

"Màmá, mo fi Ọlọ́run búra…"

"Ìgbà yẹn náà o búra!"

Àlàmú yíjú sí Afua, òógùn bò ó. "Kọrin."

"Ṣé kò ní ba orin jẹ́?"

"Jọ̀ọ́."

Afua kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Ó jẹ́ kí bàbá dúró díẹ̀ sí i kí òun tó lanu, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ha dáadáa.

Ẹkún Ìyá Àgbà di ẹ̀rín. "Òun gan-an nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí mi ṣe ń kọrin!"

Bímpé gbè é, Dárasími gbè é. Àlàmú mú ọ̀pá nílẹ̀, ó yọ àyà síta, ó kígbe wọ inú orin.

"Àlàmú," ni ìyá rẹ̀ pè, "ìwọ dákẹ́ ná, jẹ́ kí n gbọ́ ọmọ mi."

Àlàmú sì ń la ẹnu lásán títí orin fi parí.