Ilé Ìyá Àgbà Nínú Géèmù

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Mo wà nínú géèmù tí mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí mo kọ́ ilé ìyá wa àgbà sí. Ẹ̀rọ tó ń bá mi yẹ àwọn nǹkan inú rẹ̀ wò ti di ọkùnrin kúkúrú kan. Ó ṣílẹ̀kùn lára adìyẹ, ó ní, "Adìyẹ pupa. Ohùn wà." Adìyẹ kàn ń jẹ àgbàdo lọ. Odó pàápàá ní ohùn. Ọkùnrin náà wá ṣí àyà Ìyá àgbà bíi kọ́bọ́ọ̀dù: "Ìyá àgbà. Aṣọ ìró aláró. Kò sí ohùn."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá, mo ti gbàgbé ohùn yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n la ẹnu láti pè mí ní Àjàní, àwọn nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo bá jí.