Gìtá Àtijọ́ tí Wọ́n Lọ Wò l'Óǹdó

Lawrence ò lè jọ̀wọ́ gìtá náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ okùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò sì jáde. Monílọ́lá, ìyàwó rẹ̀, kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀ lẹ̀rù bà á. Bísọ́dún ti na ọwọ́ láti fà á.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," Monílọ́lá wí, ó sì fa wáyà iná sípíkà gìtá náà yọ lára ògiri.

Lawrence ṣubú sẹ́yìn sórí àga.

Pálọ̀ Bàbá Oyèbọ́lá l'Óǹdó ni wọ́n wà. Láti Àkúrẹ́ ni wọ́n ti wá wo gìtá oníná tí wọ́n fẹ́ rà, èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá náà, tó ti dolóògbé, fi ṣeré láyé ìgbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira. Irú orin ìgbà yẹn lẹgbẹ́ wọn ń ṣe, gìtá lásán, láìsí ẹni tó ń kọrin sí i. Bísọ́dún, olórí ẹgbẹ́, ò fẹ́ ayédèrú. Ó ti kọ gbogbo èyí tí wọ́n fi hàn án ní títì Arakale l'Ákùúrẹ́.

"Ẹ dá mi lóhùn," Monílọ́lá wí. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tutù.

"Mò ń gbọ́ ẹ. Mi ò mọ̀ ọ́n lára ni, ọwọ́ yìí."

Bàbá Oyèbọ́lá gbé omi wá. "Iná rẹ̀ máa ń gbé ẹ̀gbọ́n mi náà," ló wí. "Bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀ tó bá fẹ́ fi ṣeré."

"Bàbá, ẹ ò sì sọ fún wa?" Monílọ́lá bi í.

"Mo rò pé ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ẹ má bínú."

Bísọ́dún ti gbé gìtá náà nílẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán. "Sípíkà àtijọ́ yẹn ló ní wàhálà," ló wí. "Oníṣẹ́ iná á tún un ṣe. Ṣẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀? Kò sí irú ẹ̀ mọ́."

Monílọ́lá gbọ́ ọ. Ó dùn. Ohun tó tún dẹ́rù bà á nìyẹn, torí pé gìtá náà ni Lawrence ṣì ń wò.

"Ká gbé e," Lawrence wí.

"Ẹ ká ìka yín kí n rí i," Monílọ́lá wí.

Lawrence gbìyànjú. Méjì péré ló ká. Òun fúnra rẹ̀ wò wọ́n.

"Ilé ìwòsàn là ń lọ," Monílọ́lá wí. "Bísọ́dún, èmi ni mo máa wakọ̀."

Lawrence dìde, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Monílọ́lá dì í mú lápá kan, àmọ́ ó wúwo jù fún un. Bísọ́dún dúró pẹ̀lú gìtá náà láyà. Lẹ́yìn náà ó rọra tẹ́ ẹ sórí àga, ó sì bọ́ sábẹ́ apá kejì. Báyẹn ni wọ́n ṣe jáde.