Ìròyìn Tí Ìyá Yéè Kò Gbà Gbọ́

Kí ọkùnrin tó lè máa parọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kí gbogbo ayé sì máa pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní láti mọ ibi tí yóò gbé fóònù tó ń ya fídíò pamọ́ sí. Bàbá Mo-Ti-Mú-Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti gbé e sínú ìkòkò òdòdó, ó ti gbé e sẹ́yìn aṣọ ojú fèrèsé, ó ti gbé e sínú bàtà ara rẹ̀, fóònù náà sì ń rùn títí dòní. Yóò wọlé, yóò fajú ro, yóò ní, "Màmá, ilé ìdáná ń jó!" tàbí, "Màmá, mo ti fẹ́ ìyàwó kejì, ó wà níta." Ìyàwó rẹ̀ yóò ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò káwọ́ lérí, yóò figbe ta: "Yéè!" Ìgbà náà ni ọkọ yóò fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́ tó tẹ iná mọ́lẹ̀: "Mo ti mú ẹ!"

Ibi tí òkìkí wọn ti wá nìyẹn, tí wọ́n fi ń pe obìnrin náà ní Ìyá Yéè. Fíríìjì ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Aṣọ ni ìyàwó ń rán, ó sì ń rán an nínú pálọ̀ wọn títí di bá a ti ń wí yìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí igbe àkọ́kọ́ ti tàn kálẹ̀ lórí ayélujára, iṣẹ́ fíríìjì ti dìtàn. Tí Bàbá bá dé ilé oníbàárà, wọ́n á máa yẹ abẹ́ àga wò. Òkìkí ayé àtijọ́ sàn jù: ẹni tó bá fẹ́ rí ọ á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, tí eré bá tán, kálukú á gbalé ẹ̀ lọ. Ti ìsinsìnyí, ẹnu ọ̀nà wà nínú yàrá rẹ, eré ò sì mọ bá a ti ń tán. Tí igbe tuntun bá pẹ́ díẹ̀, àwọn olólùfẹ́ á kọ̀wé: "Ṣé ẹ ti kú ni?"

Ó rẹ Bàbá. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, dókítà sọ fún un pé kókó kan wà nínú ikùn rẹ̀, pé àwọn gbọ́dọ̀ la ikùn náà lọ́la, kí ó mú ẹni rẹ̀ kan dání. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ má dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ wọ́n. Fóònù wà níbì kan."

Dókítà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

Nígbà tí Bàbá délé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí maṣíìnì, ó ń rán apá mọ́ bùláòsì.

"Màmá, mo ti ilé ìwòsàn dé. Kókó kan wà níkùn mi, wọ́n fẹ́ la ikùn náà lọ́la. Mo fẹ́ kó o bá mi lọ."

Maṣíìnì dákẹ́. Bàbá ń retí igbe. Látọjọ́ tó ti ń fi igbe yẹn jẹun, òní ló nílò rẹ̀ jù.

Ẹ̀rín ni obìnrin náà bú sí.

"Dádì, ẹ ti ń darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ o! Lọ́jọ́sí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. Lónìí, ikùn ló kàn. Níbo lẹ gbé e sí?"

"Mi ò gbé nǹkan kan síbì kan. Òun rèé." Ó fa fóònù yọ lápò, ó pa á, ó gbé e lé orí maṣíìnì.

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì wo?"

Obìnrin náà dìde. Ó ṣí aṣọ fèrèsé, ó gbọn ìkòkò òdòdó, ó ní kí ọkọ òun bọ́ bàtà, ó yọjú sí i, ó yára dá a padà. Lójijì ló wá pàtẹ́wọ́, ó ká òkìtì aṣọ gígé kan kúrò lórí tábìlì. Fóònù tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo Bàbá.

"Èmi ni mo mú yín lónìí! Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́n ni? Bí mo ṣe gbọ́ ìró bàtà yín ni mo ti tàn án. Gbogbo ayé ló ń wò yín báyìí!"

Ẹ ò rí nǹkan! Pàkúté mú ọdẹ.

"Yéè! Yéè!" ni fóònù ń ké, torí igbe ìyàwó náà ni wọ́n fi ṣe ohùn tó ń dún tí ọ̀rọ̀ bá wọlé. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó ń kà á. "Bàbá, ẹ sunkún díẹ̀ sí i." "Kókó kẹ̀? Ẹ mú òmíràn wá." Ẹnì kan tiẹ̀ ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ò bá ojú rẹ̀ mu.

Bàbá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

"Ó ti tó," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín, ká pa á."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"'Mo ti mú ẹ' ni. Ẹ fò sókè, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Bàbá ń wo ilẹ̀. Òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ yọjú lábẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì. Obìnrin náà rí i.

"A lo òwú nígbà ti ẹsẹ̀ náà," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àbí a ò lò ó? Dádì, ẹ sọ ọ́."

Bàbá fọwọ́ kan òwú náà.

"Ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ ọ́."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Irọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó rò ó pé ẹyọ kan péré sí i ò lè pààyàn, bó bá máa jẹ́ kí obìnrin yìí sùn. Kò dìde. Kò fò.

"Mo ti mú ẹ," ó wí, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí aládùúgbò kú ìrọ̀lẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ dojú fóònù dé orí tábìlì. Ó rìn wá, ó fa apá ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ bo òwú náà, ó dé bọ́tìnnì rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ní ká débẹ̀?"

"Méje."

Ó mi orí. Ó la ẹnu, ohùn kankan ò jáde. Fóònù tó dojú bolẹ̀ ló ń bá a ké e: "Yéè! Yéè!"