Ọ̀gágun Tí Kò Lè Wọ̀lú

Kò sí ìyà iṣẹ́ ogun tí kò jẹ Lafídíù rí. Ó ti sùn nínú yìnyín, ó ti se awọ asà jẹ nígbà tí ọkà tán, ọ̀kọ̀ sì ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́ débi pé ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti gba apá ọ̀tún wá. Gbogbo èyí kò dùn ún tó ohun kan ṣoṣo. Nínú ìdílé wọn, láti ìran dé ìran, kò sí ẹni tó tíì gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin wọ Róòmù rí, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ojú rẹ̀ bíi ti òrìṣà Júpítà, kí adé ewé wà lórí rẹ̀, kí gbogbo ìlú sì máa hó yè níwájú lẹ́yìn. Ìwọ́de Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Nílé àwọn àna rẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn baba ńlá wọn ló ti ṣe é. Wọ́n fi ìda ya ojú wọn kọ́ sára ògiri, àwọn ojú náà sì ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé bí ẹni pé olè ni. Nílé baba Lafídíù, àlùbọ́sà ni wọ́n máa ń so kọ́ sára ògiri kó lè gbẹ.

Kanínì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìgbìmọ̀ Àgbà, kì í jẹ́ kó gbàgbé. Bí oúnjẹ bá ti wọra tán, yóò nu ẹnu nù, yóò ní, "Àna mi, àlùbọ́sà yín ń kọ́? Ṣé ara wọn le?"

Nítorí náà, nígbà tí kèké mú Lafídíù láti lọ ṣe gómìnà ní Sípéènì, tí gbogbo ẹni tó rí i ń bá a kẹ́dùn, òun ń dúpẹ́ ní tirẹ̀. Sípéènì ti ya ewèlè nígbà náà. Gómìnà kan ló kọ́kọ́ gba ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ títí wọ́n fi yarí. Èyí tí wọ́n rán tẹ̀ lé e kó ogun gun òkè lọ bá wọn, ó sì dá nìkan sọ̀ kalẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ bọ̀.

Ambátò ni olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àgbàlagbà ni, ó gbẹ bí ẹran sísá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbẹ. Ó ti bá àwọn ará Róòmù gẹṣin jagun nígbà èwe rẹ̀, ìyẹn ni ó ṣe gbọ́ èdè wọn, pàápàá ibi tó korò jù níbẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò dúró sórí àpáta, yóò bu ọwọ́ sí ẹnu.

"Ẹ̀yin ará Róòmù! Ṣé gómìnà tuntun yìí náà ní bàtà méjèèjì? Ẹ ní kó tọ́jú wọn o!"

Lafídíù yóò yí etí ọ̀tún. "Kí ló wí?"

"Ó ń kí yín ni, Ọ̀gágun," ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yóò dáhùn, wọ́n á sì gbójú sílẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lafídíù kò bá ẹnikẹ́ni gun òkè. Ó dá ọkà tí wọ́n gbà padà fún àwọn ìlú tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó na àwọn agbowó-orí olè ní gbangba ọjà, ó sì jókòó de Ambátò létí odò, níbi tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá fún ẹṣin wọn lómi. Nígbà tí wọ́n dé, ìjà náà le, ó burú. Òfin Róòmù kò ṣàánú: bí òkú ọ̀tá kò bá pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ́de. Wọ́n pé, wọ́n tún lé. Lafídíù rìn kọjá láàárín wọn ní ìrọ̀lẹ́, inú rẹ̀ kò sì dùn tó bó ṣe rò pé yóò dùn.

Ambátò sá padà sórí òkè pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ́kù, àti ìyàwó àti ọmọ wọn. Òtútù ti ń bọ̀. Ẹni tó bá kàn dúró nísàlẹ̀, ebi ni yóò bá a ṣe ìyókù. Àmọ́ Lafídíù bọ́ idà rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ẹni méjì dání, ó gun òkè lọ.

"Kí lo wá ṣe?" ni Ambátò bi í.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ kó o sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹni tó ṣẹ́gun ló ń bẹ̀bẹ̀? Ayé yín ti dorí kodò."

"Ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ, Àgbà. Mo ń gbọ́ ẹkún wọn láti ìsàlẹ̀, èmi tí mi ò tilẹ̀ gbọ́ràn dáadáa."

Wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún un sọ. Àwọn ènìyàn Ambátò yóò gba ilẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tó dára, wọn yóò sì máa dáko wọn ní àlàáfíà. Ambátò fúnra rẹ̀ yóò bá Lafídíù lọ sí Róòmù. Lafídíù na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ Róòmù kì í ṣe ọwọ́ ṣeréṣeré. Ẹni tó bá fi fúnni tó tún yẹ̀ ẹ́, ajá sàn jù ú lọ.

"Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ọ́," ni ó wí.

"Kí ni n ó lọ ṣe ní Róòmù?"

"Wàá rìn níwájú kẹ̀kẹ́ mi."

"Ìyẹn nìkan?"

Lafídíù họ etí rẹ̀ tó bàjẹ́. "Ìyẹn nìkan."

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá dé ẹsẹ̀ òkè Júpítà, wọn a máa fa olórí ọ̀tá yà sínú túbú tó wà níbẹ̀, wọn a sì fún un lọ́rùn pa. Àmọ́ wọn kì í pa gbogbo wọn. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n dá sí, tí wọ́n kó lọ sí ìlú kékeré kan, tí wọ́n sì darúgbó síbẹ̀. Lafídíù sọ fún ara rẹ̀ pé ti Ambátò yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ títí ó fi gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Róòmù, òfin mìíràn tún ń dúró dè wọ́n. Ọ̀gágun tó ń béèrè ìwọ́de kò gbọ́dọ̀ kọjá òkúta ààlà ìlú. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ inú rẹ̀, oyè ogun rẹ̀ ti bọ́, ìwọ́de sì ti di àlá. Lafídíù háyà ilé kan nínú ọgbà lẹ́yìn odi, ó jókòó, ó ń retí kí àwọn Ìgbìmọ̀ fẹnu kò. Ìgbìmọ̀ kò sì yára. Bí ọ̀kan kò bá lọ wo oko rẹ̀, inú yóò máa run òmíràn, ẹlòmíràn yóò sì sọ pé òun gbọ́ àrá ní apá òsì, àmì pé àwọn òrìṣà kò fẹ́ ìpàdé lọ́jọ́ náà.

Ambátò ní tirẹ̀ kò ní oyè kankan tó lè bọ́. Lójoojúmọ́ ni òun àti ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ ń wọ̀lú.

"Ọ̀gágun, ẹ jókòó o! Ẹ̀yin náà ẹ rọra máa wo odi," ni yóò wí, yóò sì jáde lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé, yóò jókòó síwájú wáìnì Lafídíù, yóò máa ròyìn. "Ilé yín gogoro, wọ́n tún kọ́ òmíràn lé e. Lónìí, ìyá kan da omi ìdọ̀tí láti òkè lé ọ̀kan nínú àwọn Ìgbìmọ̀ lórí."

"Èwo nínú wọn?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó sanra."

"Gbogbo wọn ló sanra."

"Èyí ti tutù dáadáa báyìí. Gbọ́ ná, nínú àwa méjèèjì, ta ni ẹlẹ́wọ̀n gan-an?"

Lafídíù rẹ́rìn-ín débi pé wáìnì gba imú rẹ̀ jáde. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Bí àjàrà ti ń pọ́n, tí wọ́n sì ká a tán, ó wá yé e pé kò sí ẹni tí òun fẹ́ràn láti bá jẹun ní gbogbo Ítálì tó bàbá yìí, ọ̀rọ̀ náà sì ń bà á lẹ́rù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Kanínì dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àna mi, ẹ kú oríire! Wọ́n ti fọwọ́ sí i! Ọ̀tunla ni ìwọ́de yín! Ẹ lọ já àlùbọ́sà yẹn kúrò lára ògiri!"

Lafídíù di orí àga mú. Omi lé sí ojú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

"Nǹkan kékeré kan ló kù," ni Kanínì wí. "Arúgbó yẹn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe é bí àṣà ṣe wí. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló kú sọ́wọ́ rẹ̀."

"Mo fún un ní ọwọ́ ọ̀tún mi."

"Ọwọ́ tiyín lẹ fún un. Ìgbìmọ̀ kò fún un ní ọwọ́."

"Kanínì, àgbàlagbà ni."

"Ẹ ò wá ṣe jẹ́ kó lọ sinmi?" Ó rí ojú Lafídíù, ó sì bu omi sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Kí ẹ má sì dábàá pé kó sá. Bí ó bá sá, àwọn ará rẹ̀ tí ẹ fún nílẹ̀ ni wọn yóò lọ bá."

"Bí kò bá sí ìwọ́de ńkọ́?"

"Bí kò bá sí ìwọ́de, ta ló ráyè arúgbó? Wọ́n á dá a padà sílé lọ jẹ ẹ̀kọ bálì rẹ̀ ni. Kí ló fa irú ìbéèrè yẹn?"

"Mo kàn bi yín ni," ni Lafídíù wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe àwọn tó ń ru ìdì ọ̀pá àti àáké, àmì oyè ogun rẹ̀, níwájú rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé lọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Wọ́n wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ó ró aṣọ funfun lásán, ó ké sí Ambátò.

"Wá mú mi wọ̀lú."

"Ṣé wáìnì àná kò tíì dá lójú rẹ ni?"

Lafídíù ti ń lọ. Ọ̀nà ẹnubodè kò jìn. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ níbẹ̀ dá a mọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Ambátò ń sáré tẹ̀ lé e.

"Dúró! Òkúta nìyẹn o! Ọ̀gágun, ẹsẹ̀ rẹ! Wo ẹsẹ̀ rẹ!"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọ̀tún kọjá, ó gbé òsì tẹ̀ lé e. Àtẹ́wọ́ dá. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó dun Lafídíù, ó dùn ún wọ egungun. Gbogbo ìyà tó ti ń jẹ láti ìgbà èwe rẹ̀ ti já sófo níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ewé ẹ̀fọ́ rírà kún, kò sì sí ẹni tó lè bá a gbé ẹsẹ̀ náà padà.

"O ti ya wèrè," ni Ambátò wí. "Mò ń retí ìwọ́de ọ̀la bíi tìrẹ! Mo ti ní kí wọ́n bá mi gẹ irùngbọ̀n! O ti fi ogun mi àti ogun rẹ ṣòfò!"

Ó ń bú u lọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà náà ni kẹ̀kẹ́ ìbá gbà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Lafídíù dúró níwájú ilé olókùúta kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ga.

"Ibí ni ìrìn rẹ ìbá parí sí," ni ó wí, ó sì fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀.

Ambátò wo ilẹ̀kùn náà. Ó wò ó pẹ́.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti orí òkè yín."

"Ọjọ́ tó o fún mi lọ́wọ́?"

"Ọjọ́ náà ni. Mo rò pé wọn yóò dá ọ sí. Mo fẹ́ kẹ̀kẹ́ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ kó o mọ̀ lọ."

"Òpùrọ́ ni ọ́, Lafídíù." Kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

"Òpùrọ́ ni mí."

Àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹ̀ṣọ́ dúró lókèèrè, kò mọ ibi tí òun yóò kọjú sí. Ambátò tutọ́ sí ẹnu ọ̀nà túbú náà, ó sì gbójú sókè.

"Bí ẹ bá ti pa irú wa tán, níbo lẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú kẹ̀kẹ́ máa ń lọ?"

"Òkè yìí. Ilé Júpítà."

"Irú mi kankan ti débẹ̀ rí?"

"Lọ́jọ́ ìwọ́de? Rárá o."

Ambátò ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà. Kò wo ẹ̀yìn. Lafídíù tẹ̀ lé e, láìsí ẹṣin, láìsí fèrè, ojú rẹ̀ kún fún omijé, kò sì lè sọ bóyá ti ẹ̀dùn ni tàbí ti ayọ̀. Nígbà tí Ambátò dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó jókòó sórí òkúta kan, ó ń mí gúlegúle, ó sì dúró dè é.