Ẹsẹ Kejì Tí Akínkúnmi Kò Mọ̀

Ọwọ́ Rùkáyà ti wà lórí súwíìṣì jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Kí Akínkúnmi ṣáà yanu ná!

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Iléṣà làwọn méjèèjì ti dá ẹgbẹ́ olórin Àdàlú sílẹ̀. Akínkúnmi, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, gbé gìtá àti orin ṣọ́ọ̀ṣì wá. Rùkáyà gbé wéré wá, orin tí bàbá rẹ̀ fi ń jí àwọn ará Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo ní sààrì lásìkò ààwẹ̀. Wọn kì í ṣètò eré ṣáájú. Ibi tí orin bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń bá a lọ. Ìgbà tí òkìkí dé, Akínkúnmi ní ohùn ará oko ni ohùn Rùkáyà, ó lé e. Ó wá kọ orin bàbá Rùkáyà lórí rédíò, ó lóun lòun ni ín. Bàbá náà gbọ́ ọ lórí àìsàn. Kò bínú, kò ṣépè. Ó kàn ní kí wọ́n pa rédíò náà, ó sì kọjú sí ògiri.

Bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á lé e bá. Rùkáyà ò ní ogún ọdún tí yóò fi dúró. Iṣẹ́ yíyá àwọn olóde ní jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń ṣe báyìí, nígbà tí Àdàlú sì fẹ́ ṣeré ní pápá Òkè-Baálẹ̀, òun ni máníjà wọn pè, láìmọ ẹni tó jẹ́.

"Ẹ̀yin ará Òṣogbo," Akínkúnmi pariwo, "orin tí mo fọwọ́ ara mi kọ rèé!"

"Olè!" Rùkáyà wí lábẹ́ ètè. Ó jẹ́ kó kọ ẹsẹ kìíní tán, kí ìtìjú náà lè wọ̀ ọ́ lára dáadáa. Ó wá pa jẹnẹrétọ̀.

Iná kú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà kú. Rùkáyà ń retí kí èrò hó lé Akínkúnmi lórí.

"Wọ́n ti múná lọ!" Ìyá Àpìkẹ́, arúgbó kan ládùúgbò náà, kígbe níwájú, gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà pàtẹ́wọ́, ó gbé ẹsẹ kejì, pápá sì gbè é. Ọdọọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá Rùkáyà lójú fèrèsé wọn. Wéré wo ló ń béèrè iná?

Akínkúnmi nìkan ni kò lè gbè é. Ẹsẹ kìíní nìkan ni Rùkáyà kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò béèrè èyí tó kù rí.

"Ọmọ mi," Ìyá Àpìkẹ́ bi í, "ṣé o ti gbàgbé orin tó o fọwọ́ ara rẹ kọ ni?"

Akínkúnmi wò yíká bí ẹni tó sọnù, ojú rẹ̀ sì bá ti Rùkáyà. Ó dá a mọ̀. Rùkáyà fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, ó ti ń tọ́jú ẹ̀rín náà tipẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò ráyè. Orin ló wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, pẹ̀lú ohùn ará oko rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí súwíìṣì. Kò sí nǹkan tó kù tí yóò pa, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n pa orin náà lọ́tẹ̀ yìí.