Òfin Bàbá Túbọ̀sún ní Ìwáyà

Ẹ̀rù bàbá tó bí i lọ́mọ ń ba Ọmọ́níkẹ́ ju ẹ̀rù ikú lọ.

Lọ́dún 1909 ni bàbá rẹ̀, Bàbá Túbọ̀sún, kó ogójì ará Ìjẹ̀ṣà wá tẹ̀dó sétí ọ̀sà ní Ìwáyà, nítorí ó ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Èkó ti di ilé ijó. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n kọ́ ilé àdúrà, ó sì ṣòfin fún wọn: kò sí ọtí, kò sí ijó, kò sí yẹtí, kò sí oògùn, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Ẹni tó bá rú òfin, kó kẹ́rù rẹ̀. Ọláolú, àkọ́bí rẹ̀, tọ́ ẹmu wò lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá lé e lójú gbogbo ìjọ, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ó di ọdún 1926, ibà kọlu Làbákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ Ọmọ́níkẹ́ fi sílẹ̀ kó tó kú. Lọ́jọ́ kẹta, gìrì mú ọmọ náà. Irú ibà yìí ló pa ìyá Ọmọ́níkẹ́, lórí ẹní, tí Bàbá ń gbàdúrà létí rẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ sáré lọ bá Saidat, aládùúgbò wọn tó ń yan ẹja lẹ́yìn ọgbà, ó gba oògùn ibà òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ, òjìji ṣú sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ọláníyì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ló dúró síbẹ̀.

“Kí lò ń fún ọmọ yẹn?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bò mí láṣìírí.”

Ìyá àgbà yí padà, ó kọrí sí ilé àdúrà. Kò pẹ́ tí agogo ìjọ fi dún.

Ọmọ́níkẹ́ dúró níwájú Bàbá àti gbogbo ìjọ, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé òótọ́ ni?” Bàbá bi í.

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀. Àfi bí òógùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara ọmọ náà, tí ibà náà ń fi í sílẹ̀.

“Òótọ́ ni, Bàbá.”

“Kẹ́rù rẹ.”

Níbi tó ti ń di ẹrù ni Bàbá ti wọlé bá a, òun nìkan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù náà. Ọmọ́níkẹ́ kò rí irú ẹ̀ rí.

“Bí mo bá ní o ò jẹ̀bi,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “a jẹ́ pé èmi ni mo pa ìyá ẹ.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

“Àwọn tó ti sin ọmọ wọn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ńkọ́? Kí ni kí n wí fún wọn?”

Ó fọwọ́ kan iwájú orí Làbákẹ́. Bó ti rí i pé ibà ti lọ, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

Títí Ọmọ́níkẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ Ọláolú ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ̀yìn ló ń wò. Làbákẹ́ yè.

Lọ́dún kẹrin, wọ́n ní ibà dá Bàbá wó. Ọmọ́níkẹ́ mú oògùn lọ sí Ìwáyà. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n kò lanu fún oògùn. Ọjọ́ kejì ló kú.

Àwọn àgbà ìjọ wá bẹ Ọláolú pé kó jókòó sí àyè bàbá rẹ̀. Ó kọ̀. Kọ́dún tó parí, ìdajì ìjọ ti kó kúrò lábẹ́ òfin náà, wọ́n lọ sí Yábàá.