Ẹni Tí Ẹ̀ṣọ́ Kì Í Lù

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, ọdún 2023, àìsàn yírùnyírùn pa Ìsmáílà ní Ouagadougou. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ibà mú un lálẹ́, ọrùn rẹ̀ gan láàárọ̀. Kí wọ́n tó kí ìrun alásárì, ó ti tán.

Làmídì, bàbá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, kò sunkún lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí Mùíbì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ níbi ìsìnkú há a lọ́fun bí eegun ẹja: “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ara wọn ò lè ja nǹkan kan.” Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ òun kò jà?

Ní ọjọ́ kẹjọ, tí wọ́n fẹ́ ṣe fìdáù nílé wọn ní àdúgbò Tanghin, ó pe Bàlíkíìsì, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Má tù mí nínú o. Ṣé ara ọmọ yẹn jà?”

“Ó jà, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Àjèjì tó bá wọlé, wọn á dá ihò sí i lára títí á fi kú.”

“Kí ló dé tí wọn ò ṣe èyí bẹ́ẹ̀?”

Ariwo sọ lẹ́nu ọ̀nà. Rachid aládùúgbò wọn ló dé. Ẹ̀yà Sámò ni. Mòósì sì ni Nuru tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìbátan ẹ̀fẹ̀ ni ẹ̀yà méjèèjì jọ jẹ́: bí ọ̀kan bá bú èkejì, èkejì ò gbọdọ̀ bínú.

Rachid ní, “Ẹrú mi, ta ló ní kí o jókòó?”

Nuru fi ajá tí àwọn Sámò máa ń jẹ ṣẹ̀fẹ̀: “Ẹ wò ó, ó ti jẹ ajá bàbá ẹ̀ tán, ó tún wá síbí!”

Rachid bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀pà Nuru. “Barka!” ló fi dúpẹ́, ó sì wọlé. Nuru ń rẹ́rìn-ín.

Bàlíkíìsì ní, “Ẹ rí i? Àmì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ara wa fi ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé, ‘Ará ilé ni mí, ẹ má lù mí.’ Kòkòrò yírùnyírùn á já àmì náà gbà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹ̀ṣọ́ á rò pé ìbátan ni, á sọ kùmọ̀ sílẹ̀. Rachid ní tiẹ̀, ìbátan òótọ́ ni. Èyí ń purọ́ ni.”

“Kò wá sí èyí tí wọ́n pa?”

“Wọ́n pa púpọ̀. Àwọn tó bọ́ ló bí sí i. Ibà yẹn, òógùn yẹn, ara rẹ̀ ló ń jagun.”

“Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́,” Làmídì ní, “ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà.”

Lẹ́yìn àdúrà, Mùíbì tún bẹ̀rẹ̀: “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ara wọn…”

“Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Ọmọ mi jà. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ìbátan ló pa á.”

Mùíbì wo ilẹ̀. “Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ.”

“Àmín.”

Nígbà tí àlejò lọ tán, Làmídì wọ yàrá ọmọ rẹ̀ lọ láti kó ẹrù rẹ̀ jọ. Ohun tó bá níbẹ̀ nìwọ̀nyí: kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ já, bàtà bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kan ti ya, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó fi abala tíkẹ́ẹ̀tì sàmì sí láàárín, ife tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀, aṣọ ìbora kan, tí òógùn ti gbẹ mọ́ lára, tó gan bí awọ.